Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí ló dé tí wọn kò jà lórí ilẹ̀ yìnyín?

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, a sọ ìtàn Endurance, ọkọ̀ ojú omi tí yìnyín fọ́ tí ó sì rì sínú Òkun Weddell ní oṣù kọkànlá ọdún 1915. Àwọn tó wọ ọkọ̀ SA Agulhas II ti Gúúsù Áfíríkà lọ wá a ló rí i ní oṣù kẹta ọdún 2022, ní ìsàlẹ̀ omi tó jìn tó 3,000 mítà. A fi kún un pé àwòrán rẹ̀ ni wọ́n yà, wọn kò fọwọ́ kàn án, nítorí pé àdéhùn kan wà tó de gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá ń ṣe ohunkóhun ní Antárktìkà, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Gbólóhùn yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú yín dì mú. A mú díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà wá síbí. A gé àwọn tó gùn, a sì yọ orúkọ kúrò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

ÌBÉÈRÈ (Ìsàlẹ̀ Èkó): Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Ohun tí ojú mi ti rí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Èkó yìí kò ṣeé rò tán: ọmọ ìyá méjì á torí púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo gbé ara wọn lọ sí kóòtù Ìgbóṣẹ̀rẹ̀, wọn á sì darúgbó sórí ẹjọ́ náà. Ẹ wá ń sọ fún wa pé ilẹ̀ kan wà tó tóbi ju gbogbo Yúróòpù lọ, tí àwọn alágbára ayé jọ wà lórí rẹ̀, tí ẹnì kan kò sì yìnbọn sí ẹnì kejì. Ọgbọ́n wo ni wọ́n dá? Àbí kò sí nǹkan gidi níbẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, bàbá wa. Ìbọn ti dún níbẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1952, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ń já ẹrù wọn sílẹ̀ ní Hope Bay láti tún ibùdó wọn tó ti jóná kọ́, ni àwọn ọmọ ogun Argẹntínà bá yìnbọn gba orí wọn kọjá. Kò sí ẹni tó fara pa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Argẹntínà àti Ṣílè ló jọ ń sọ nígbà náà, tí wọ́n ṣì ń sọ títí dòní, pé àwọn ló ni apá ibi kan náà ní Antárktìkà. Faransé, Nọ́rwèy, Ọsirélíà àti New Zealand ní tiwọn lápá ibòmíràn. Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì kò gbà fún ìkankan nínú àwọn méje yìí, síbẹ̀ àwọn méjèèjì sọ pé àwọn lè wá béèrè ìpín tiwọn lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ ilẹ̀ mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń já sí.

Kì í ṣe ìfẹ́ ló tú u ká. Iṣẹ́ kan ló dé tí orílẹ̀-èdè kankan kò lè dá ṣe. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1957 títí di ìparí ọdún 1958, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kárí ayé pawọ́ pọ̀ láti wọn ilẹ̀, òkun àti òfuurufú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mú àsìkò náà nítorí pé ìgbà náà ni oòrùn ń ru jù, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tí ìru rẹ̀ ń ṣe sí agbára òòfà ilẹ̀ ayé àti sí ìgbì rédíò, ohun tó jẹ́ pé ìpẹ̀kun ayé méjèèjì ló ti ń hàn ketekete jù. Ẹni tó bá jókòó sójú kan tó ń wọn afẹ́fẹ́, ti ojú ibẹ̀ nìkan ló mọ̀. Kí a tó mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mílíọ̀nù 14 kìlómítà ní ìbú àti òró, àfi kí ọ̀pọ̀ ibùdó wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan náà, kí wọ́n sì kó èsì wọn jọ sójú kan.

Orílẹ̀-èdè 12 ló kọ́ ibùdó tó ju 50 lọ síbẹ̀ àti sí àwọn erékùṣù tó yí i ká. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Paris ní ọdún 1955 láti pín iṣẹ́, wọ́n fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ ta ló ni ilẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ìpàdé náà. Amẹ́ríkà lọ jókòó sí ojú gúúsù ayé gan-an. Sófíẹ́ẹ̀tì wọ àárín gbùngbùn yìnyín lọ kọ́ ibùdó Vostok. Ní ọdún tí Sófíẹ́ẹ̀tì fi Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, ránṣẹ́ sí òfuurufú, tí ọkàn Amẹ́ríkà kò balẹ̀ mọ́, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan láti Sófíẹ́ẹ̀tì wà ní ibùdó Little America, tó ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà to ìròyìn ojú ọjọ́ gbogbo ilẹ̀ náà pọ̀ ní gbogbo àkókò òtútù.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí tí wọ́n fi rí i pé bí àwọn bá tú ká, ìjà ilẹ̀ ni yóò gba ipò rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1958, Ààrẹ Eisenhower pe àwọn orílẹ̀-èdè 11 yòókù sí ìjíròrò, wọ́n sì fọwọ́ sí Àdéhùn Antárktìkà ní Washington ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1959. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1961.

Àdéhùn náà kò dá ẹjọ́ ilẹ̀ náà rárá, apá yìí ni yóò sì yé yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ rántí bí adájọ́ ṣe máa ń pàṣẹ pé kí oníkálukú dúró síbi tó wà, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé, kí ẹnikẹ́ni má tà, títí ẹjọ́ yóò fi parí. Abala kẹrin àdéhùn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò sí adájọ́, wọn kò sì dá ọjọ́ tí ẹjọ́ yóò parí. Ẹni tó ní òun ló nilẹ̀ kò jọ̀wọ́ ohunkóhun. Ẹni tó ní kì í ṣe tirẹ̀ kò gbà fún un. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sì ṣe níbẹ̀ láti ìgbà náà wá, ìbáà jẹ́ pé ó kọ́ ibùdó mẹ́wàá, kò lè di ẹ̀rí pé òun ló ni ín.

Lójú tiwa, ibi tí ọgbọ́n náà wà gan-an ni ohun tí wọ́n fi ṣe owó ìjókòó. Orílẹ̀-èdè tó bá dara pọ̀ lẹ́yìn àwọn 12 àkọ́kọ́, tó sì fẹ́ kí ohùn òun wà nínú ìpinnu, gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń ṣe ìwádìí gidi níbẹ̀: kí ó kọ́ ibùdó, tàbí kí ó rán ikọ̀ ìwádìí lọ. Ẹni tó lówó tó sì ní ọkọ̀ ogun ní láti ná nínú owó náà sórí wíwọn yìnyín àti afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó ka ohùn rẹ̀. Àwọn tó ní ohùn ti di 29 báyìí. Ìpinnu kì í sì í jáde láìjẹ́ pé gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan.

Ẹ wo ọdún 1982. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Argẹntínà ń pa ara wọn ní Falklands, wọ́n sì lé ara wọn dé South Thule, erékùṣù kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà 60 dìgírì gúúsù tí agbègbè àdéhùn ti bẹ̀rẹ̀. Ogun náà kò kọjá ìlà yẹn. Ní ọdún kan náà, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣì ń jókòó sí ìpàdé àdéhùn kan náà.

Pé bóyá kò sí nǹkan gidi níbẹ̀? Ó wà, olùkà wa ní Yábàá sì ti fura sí i.

ÌBÉÈRÈ (Yábàá): Ẹ má bínú, èmi kò gbà. Ìwádìí tí ẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, ṣé kì í ṣe ìbòjú fún iṣẹ́ amí àti fún wíwá epo rọ̀bì? Mo tún kà pé àdéhùn náà yóò kú ní ọdún 2048, tí oníkálukú yóò sì bọ́ sórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwakùsà.

ÌDÁHÙN: Ìfura yín kò burú, ìtàn sì wà lẹ́yìn yín díẹ̀. Ní ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ikọ̀ kan lọ sí Antárktìkà ní bòńkẹ́lẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Operation Tabarin. Ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni pé kí wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ náà kí ọwọ́ Argẹntínà má baà tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ogun parí, ikọ̀ náà di ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí a mọ̀ lónìí sí British Antarctic Survey. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìwádìí mímọ́ ló kọ́kọ́ gbé wọn débẹ̀ kò sọ gbogbo òtítọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ilé-iṣẹ́ kan náà lọ síwájú díẹ̀. Ibùdó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Halley, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1956 ní ìmúrasílẹ̀ fún ìwádìí àgbáyé tí a sọ lókè. Ọdún dé, ọdún lọ, àwọn tó wà níbẹ̀ ń wọn òsóònù, ìyẹn gáàsì tó wà lókè lọ́hùn-ún tó ń gba ìtànṣán oòrùn tó lè jó awọ ara kí ó tó dé ilẹ̀. Iṣẹ́ tó súni ni, kò sì sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ní ọdún 1985, Joe Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin kó àwọn ìwọ̀n ọdún pípẹ́ wọ̀nyẹn jọ, wọ́n sì fi hàn pé òsóònù tó wà lókè Antárktìkà ń fẹ́lẹ́ gidigidi ní oṣù kẹwàá ọdọọdún. Gáàsì tí wọ́n ń fi sínú fíríìjì àti agolo ìfín-nǹkan ló ń jẹ ẹ́. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, wọ́n fọwọ́ sí Àdéhùn Montreal láti fi òpin sí àwọn gáàsì náà. Gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ló ti wọ inú rẹ̀, tiwa náà wà níbẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ti pẹ́ nídìí títún fíríìjì ṣe ní Aláàbà: gáàsì tí wọ́n ń fà sínú ẹ̀rọ láyé ìjọ́sí kọ́ ni wọ́n ń fà sínú rẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ìran rẹ̀ wá láti inú ìjà ilẹ̀ ló bí ìyẹn.

Ní ti amí, ìwádìí tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ kò jọ iṣẹ́ ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì ń to ohun ìjà núkílíà jọ de ara wọn, àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì ló ń gbẹ́ yìnyín jíjìn ní Vostok, níbi tí òtútù ti já dé dìgírì 89.2 sísàlẹ̀ òdo ní oṣù keje ọdún 1983. Ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ló ń bá wọn gbé yìnyín náà jáde. Yàrá ìwádìí ní Faransé ló ń yẹ afẹ́fẹ́ àtijọ́ tó há sínú rẹ̀ wò. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1999 fi bí ojú ọjọ́ ṣe rí fún 420,000 ọdún sẹ́yìn hàn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ni ín. Bí ẹnì kan nínú wọn bá yọwọ́ ni, kì bá tí sí nǹkankan.

Yàtọ̀ sí èyí, abala keje àdéhùn náà fún orílẹ̀-èdè tó ní ohùn ní ẹ̀tọ́ láti rán aláyẹ̀wò lọ sí ibùdó ẹnikẹ́ni, nígbàkígbà, kí wọ́n sì wọ gbogbo yàrá. Wọ́n kọ èyí sílẹ̀ ní ọdún 1959, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí yíyẹ ilé ara wọn wò.

Àdéhùn kò ní kú ní ọdún 2048. Ìwé mìíràn ni wọ́n ń fi ìyẹn pè, ìyẹn Ìlànà Madrid tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1991, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1998, tó sì ka ìwakùsà léèwọ̀ pátápátá, àfi ti ìwádìí. Nígbà tí ó bá pé 50 ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyíkéyìí nínú àwọn tó ní ohùn lè pè fún ìpàdé láti tún un gbé yẹ̀ wò. Ìyẹn nìkan ni. Kí wọ́n tó lè tú èèwọ̀ náà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ní ohùn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, gbogbo àwọn tó ní ohùn nígbà tí wọ́n ṣe ìlànà náà sì gbọ́dọ̀ wà lára wọn, òfin mìíràn tó de ìwakùsà sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀.

Ibi tí àwa fúnra wa ti ń fura ni ọ̀rọ̀ ẹja. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣọ́ ohun alààyè inú òkun Antárktìkà gbà ní oṣù kẹwàá ọdún 2016 pé kí wọ́n dáàbò bo Òkun Ross, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kìlómítà ní ìbú àti òró, fún 35 ọdún. Láti ìgbà náà, wọ́n ti gbé àbá irú rẹ̀ wá fún àwọn òkun mìíràn níbẹ̀, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà kò sì gbà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ìwádìí kò tíì tó. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni pé kò tó; nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, krill, ẹran omi kékeré tó jọ edé tí àwọn àbùùbùtán ń jẹ, ni wọ́n fẹ́ máa kó lọ. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé ìwádìí ni adájọ́, ẹni tó bá fẹ́ fa ẹsẹ̀ yóò kọ́ láti máa pe orúkọ adájọ́ náà.

ÌBÉÈRÈ (Apápá): Ṣé òótọ́ ni pé sójà kò gbọdọ̀ dé Antárktìkà?

ÌDÁHÙN: Wọ́n ń débẹ̀, iṣẹ́ sójà ni wọn kò gbọdọ̀ ṣe. Abala kìn-ín-ní ka ibùdó ogun, ìdánrawò ogun àti dídán ohun ìjà wò léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó gbà kí ọmọ ogun àti ohun èlò wọn ṣiṣẹ́ fún ìwádìí. Ọkọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà tó ń fi pátákó bàlẹ̀ sórí yìnyín ló ń gbé ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọlé, àwọn ọmọ ogun ojú omi Ṣílè àti Argẹntínà náà sì ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bọ́ǹbù núkílíà kò gbọdọ̀ bú níbẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ da pàǹtí rẹ̀ síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ (Oyíngbò): Okporoko ni mò ń tà. Àwọn tí a ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn sọ pé ogun Rọ́ṣíà ló mú kí ẹja wọ́n láti Nọ́rwèy. Ọmọ mi tó ń ka ìwé yín fún mi ní kí n bi yín: ṣé àwọn tó ni òkun yẹn ń bá ara wọn jà ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ìpẹ̀kun àríwá ayé, tí wọ́n ń pè ní Árktìkì, ni ẹja tiyín ti ń wá, ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tí a ń sọ bọ̀. Òkun ni àárín ibẹ̀, ilẹ̀ tó yí i ká ní onílé, àwọn ènìyàn sì ti ń gbé ibẹ̀ láti ayébáyé. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló pín in, Rọ́ṣíà nìkan ló ní ju ìdajì etíkun rẹ̀ lọ, ibùdó ogun sì pọ̀ níbẹ̀. Kò sí àdéhùn kan ṣoṣo tó de gbogbo rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹja yín wà lára ohun tí wọn kò fi ṣeré. Ẹja kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń sá gbẹ nínú afẹ́fẹ́ òtútù ní Lofoten ní Nọ́rwèy, tó ń di okporoko, inú Òkun Barents tó wà láàrin Nọ́rwèy àti Rọ́ṣíà ló ti ń dàgbà. Àwọn ọmọ ẹja náà pọ̀ ní apá Rọ́ṣíà, etíkun Nọ́rwèy sì ni àwọn àgbà wọn ń lọ láti yé ẹyin. Bí Nọ́rwèy bá dá ka tirẹ̀, iye tó máa rí kò pé, bákan náà ni ti Rọ́ṣíà. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi ní ìgbìmọ̀ ẹja kan láti ọdún 1976, ní ìgbà tí ìkórìíra ṣì wà láàrin Sófíẹ́ẹ̀tì àti àwọn ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà: àwọn onímọ̀ ẹja wọn jọ ń wọn òkun náà, wọ́n sì jọ ń dá iye tí wọ́n lè pa lọ́dún. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Yukréènì ní ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè méje yòókù dáwọ́ iṣẹ́ dúró pẹ̀lú rẹ̀ nínú Ìgbìmọ̀ Árktìkì, èyí tí wọ́n ti jọ ń ṣe láti ọdún 1996, àjọ àgbáyé tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ẹja ní àríwá òkun Àtìláńtíìkì náà sì dá Rọ́ṣíà dúró. Nọ́rwèy àti Rọ́ṣíà kò dá ti kọ́ọ̀dù dúró. Àwọn onímọ̀ ìhà méjèèjì ń bá ìṣirò lọ láàrin ara wọn, wọ́n sì ń fẹnu kò lórí iye ẹja lọ́dọọdún.

Ní ti ọ̀wọ́n, ẹ má dì í lé ogun nìkan lórí. Ìṣirò náà gan-an ló sọ pé ẹja ti dín kù. Fún ọdún 2021, wọ́n gbà kí wọ́n pa tọ́ọ̀nù tó lé ní 885,000. Fún ọdún 2025, 340,000 ni. Ọ̀tá ni àwọn tó fọwọ́ sí i jẹ́ síra wọn nínú ọ̀rọ̀ ogun, wọ́n sì jọ fọwọ́ sí ohun tó dun àwọn apẹja wọn méjèèjì, nítorí pé ìwé ìṣirò kan náà ló wà níwájú wọn.

Ohun tó jọ èyí wà ní àárín gbùngbùn Òkun Árktìkì, níbi tí yìnyín ti ń fà sẹ́yìn tí ọkọ̀ apẹja yóò sì lè dé lọ́jọ́ kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Nọ́rwèy, Jàpáànù àti àwọn mìíràn, mẹ́wàá lápapọ̀ bí a bá ka Ìṣọ̀kan Yúróòpù mọ́ wọn, fọwọ́ sí i ní Ilulissat, ìlú kan ní Greenland, pé àwọn kò ní pẹja títà níbẹ̀ fún 16 ọdún, kí àwọn jọ ṣèwádìí ohun tó wà nínú omi náà ná. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021, wọ́n sì ṣe ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Gúúsù Kòríà ní ọdún 2022, nígbà tí ogun Yukréènì ń gbóná.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yè bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ń wo ilẹ̀ dídì tó ń yọ́ ní Sàìbéríà kò rí ọ̀pọ̀ ìwọ̀n láti ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Rọ́ṣíà gbà mọ́, ilẹ̀ náà sì tóbi débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè sọ pé òun mọ Árktìkì. Kò sí ohun tó rọ́pò ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ (Òkun Àlfà): Òkun ti gba ibi tí ilé bàbá mi wà. Ṣé yìnyín tí ẹ ń sọ yìí ló ń yọ́ bọ̀ wá bá wa? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni èrè àlàáfíà wọn fún wa?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnira. Ní etíkun wa, yìnyín kọ́ ni ẹlẹ́bi kan ṣoṣo. Àwọn òkúta tí ìjọba amúnisìn tò sẹ́nu ọ̀nà omi Èkó ní ọ̀rúndún tó kọjá kí ọkọ̀ lè wọlé ti dí iyanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn rìn lọ sí ìlà-oòrùn lọ́nà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n omi òkun fúnra rẹ̀ ń ga sí i, yìnyín tó ń yọ́ sì ní ipa ńlá nínú rẹ̀. Bí gbogbo yìnyín Greenland, erékùṣù ńlá tó wà lápá àríwá ayé, bá yọ́, òkun ayé yóò fi nǹkan bí mítà méje ga. Bí ti Antárktìkà bá yọ́ pátápátá, yóò tó mítà 58. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé tiwa. Ohun tó kàn wá ni apá ibi tó lè tètè ya. Odò yìnyín Thwaites ní Antárktìkà nìkan gbé omi tó lè fi 65 sẹ̀ǹtímítà kún gíga òkun, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn yóò ṣe sí Òkun Àlfà, Mákòkó àti Victoria Island.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó yẹ kí àwa ará Èkó mọ̀. Yìnyín Antárktìkà wúwo débi pé ó ń fa omi òkun mọ́ra. Bí ó bá yọ́, agbára ìfà náà dín kù, omi tó wà nítòsí rẹ̀ á fà sẹ́yìn, a sì ya lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwa tí a wà nítòsí agbedeméjì ayé yóò gbà ju ìwọ̀n tó kàn wá lọ.

Ibi tí àlàáfíà ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Thwaites jìnnà sí ibùdó gbogbo, ojú ọjọ́ rẹ̀ burú, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó rọrùn fún láti dá lọ. Ní ọdún 2018, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kan lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn bá wọn ṣe é, ọkọ̀ Araon ti Gúúsù Kòríà sì gbé lára wọn lọ. Wọ́n gbẹ́ ihò gba inú yìnyín kọjá láti wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí omi tó gbóná díẹ̀ ti ń jẹ ẹ́. Abala kẹta àdéhùn ọdún 1959 ló sọ pé kí èsì ìwádìí wà ní gbangba fún gbogbo ènìyàn. Ẹlẹ́rọ tó bá fẹ́ mọ bí ògiri etí òkun ṣe yẹ kó ga tó ní Èkó ń lo èsì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a kò sì san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí ìjà bá ti ibùdó wọ̀nyẹn pa, àwa tí a kò ní ibùdó kankan níbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wà nínú òkùnkùn. Èrè tiwa nìyẹn, kò sì kéré lójú wa.

ÌBÉÈRÈ (akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Sùúrùlérè): Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà? Ṣé ọmọ Nàìjíríà lè ṣe iṣẹ́ yìí?

ÌDÁHÙN: Ọmọ wa, o ṣeun. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wa: abala kẹtàlá sọ pé orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lè wọlé. Wíwọlé kì í ṣe ìṣòro, níní ohùn ló le, nítorí pé ìwádìí gidi ni wọ́n ń béèrè, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Kí o mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ayé ló gbà pé owó ìjókòó yìí tọ́. Ní àwọn ọdún 1980, Màléṣíà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó ní ẹgbẹ́ àwọn olówó ni, pé ogún gbogbo ọmọ aráyé ni Antárktìkà. Ohun tó tún ń bí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà nínú nígbà náà ni pé Gúúsù Áfíríkà ti àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló ń jókòó sórí àga níbẹ̀; Àjọ náà sì pè léraléra pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìpàdé wọn, wọn kò yọ ọ́. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé a fẹ́ràn àdéhùn náà. Màléṣíà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i ní ọdún 2011, lẹ́yìn tí ó ti ń rán àwọn onímọ̀ tirẹ̀ lọ bá àwọn ẹlòmíràn ṣèwádìí. Ọ̀nà tó gbà yẹn ni Nàìjíríà náà lè gbà bí ó bá fẹ́.

Ìwọ kò ní láti dúró de ìjọba. Gúúsù Áfíríkà òde òní ní ibùdó tó ń jẹ́ SANAE IV níbẹ̀, yunifásítì wọn sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi púpọ̀ ní Áfíríkà. Ẹgbẹ́ kan wà fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìpẹ̀kun ayé tí wọ́n ń pè ní APECS. Kò béèrè ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè kankan lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Àwòrán yìnyín òkun tí sátẹ́láìtì ń yà lójoojúmọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, o sì lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á láti Sùúrùlérè. Nílé, ẹ̀ka ìmọ̀ òkun wà ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí òkun sì wà ní Victoria Island.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń múra sílẹ̀ fún Ọdún Ìpẹ̀kun Ayé karùn-ún, ìyẹn àsìkò tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ń wọn ìpẹ̀kun ayé lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n fi sí ọdún 2032 sí 2033. Ti àkọ́kọ́ wáyé ní ọdún 1882 sí 1883. Karl Weyprecht, ọmọ ogun ojú omi Austria kan, ló dá àbá rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti lo ọdún méjì nínú yìnyín Árktìkì tó sì rí i pé àwọn orílẹ̀-èdè ń sáré lọ ri àsíá mọ́lẹ̀ láìwọn ohunkóhun. Ó ti kú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Físíìsì, ìṣirò àti kọ̀ǹpútà ni kí o kọ́kọ́ tẹra mọ́. Ẹ̀kọ́ nípa òtútù lè dúró di ìgbà tí o bá débẹ̀.